Gbèsè Tí Ọmọ-Ẹ̀yìn Jẹ Olùkọ́ Rẹ̀



Ní ọjọ́ Àìkú mélòó kan sẹ́yìn, lẹ́yìn Mísà kejì, ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú ìjọ wa dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà yàrá tí a ti ń wọ aṣọ Mísà. Ọ̀gá tí ó ń bá ṣiṣẹ́ jẹ́ ará Íńdíà, ẹlẹ́sìn Híńdù sì ni. Ó ní ní àràárọ̀, kí ọkùnrin náà tó ṣí ìwé ìṣirò kan ṣoṣo, a máa dúró níwájú àwòrán arúgbó kan tí ó gbé kọ́ ara ògiri, a máa pa àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pọ̀, a sì máa tẹrí ba. Kì í ṣe bàbá rẹ̀ ni ó wà nínú àwòrán náà, kì í sì í ṣe òrìṣà. Olùkọ́ rẹ̀ nípa ti ẹ̀mí ni. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà bi mí pé, "Fadá, ṣé ìbọ̀rìṣà kọ́ nìyẹn?" Kí n tó dáhùn, ó tún fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ ọ̀rọ̀ mìíràn, òun gan-an ni kò sì jẹ́ kí n sùn dáadáa ní alẹ́ ọjọ́ náà. Ó ní, "Ohun tí ó dùn mí, Fadá, ni pé èmi kò ní ẹnì kan tí mo lè tẹrí ba fún bẹ́ẹ̀. Àwọn tí wọ́n kọ́ mi níwèé, n kò mọ ibi tí wọ́n wà mọ́."

Ìbéèrè méjì ni ó bi mí lẹ́ẹ̀kan náà láìmọ̀. Èkíní ni bóyá ọ̀wọ̀ tí a ń fi fún olùkọ́ lè pọ̀ jù. Èkejì ni bóyá ó lè kéré jù. Mo mọ̀ pé èkíní ni ọ̀pọ̀ nínú yín yóò fẹ́ kí n yára dá lóhùn, kí n sì bu ẹnu àtẹ́ lu àwòrán ara ògiri náà, kí gbogbo wa lè lọ sílé jẹun pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹwàá ọdún 1965, nígbà tí Ìgbìmọ̀ Fátíkánì Kejì gbé ìwé tí a ń pè ní Nostra Aetate jáde, Ìjọ Mímọ́ dárúkọ ẹ̀sìn Híńdù nínú rẹ̀, ó sì kọ́ wa pé a kò gbọdọ̀ ta ohun tí ó jẹ́ òtítọ́ àti mímọ́ nínú irú ẹ̀sìn bẹ́ẹ̀ nù. Nítorí náà ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ohun tí a fẹ́ dá lẹ́jọ́.

Gúrù ni wọ́n ń pe irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀. Ní èdè Sanskrit, tí í ṣe èdè ìwé mímọ́ wọn, ọ̀rọ̀ náà tún túmọ̀ sí ohun tí ó wúwo, ohun tí ó tẹ̀wọ̀n. Lọ́dọọdún, ní ọjọ́ tí òṣùpá bá lé ní kíkún nínú oṣù tí wọ́n ń pè ní Ashadha, èyí tí ó máa ń bọ́ sí Júùnù tàbí Júláì tiwa, wọ́n a máa ṣe Guru Purnima, ọjọ́ ọpẹ́ fún olùkọ́. Ọmọ-ẹ̀yìn a máa mú òdòdó àti èso lọ, a máa wólẹ̀, a sì máa fi ọwọ́ kan ẹsẹ̀ ẹni tí ó kọ́ ọ. Ọmọ Yorùbá kò ní láti rìn jìnnà kí ó tó lóye èyí. Àwa tí a ń dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún bàbá ìyàwó ẹni kò gbọdọ̀ sọ pé ojú wa kò rí irú rẹ̀ rí.

Ẹ̀rí kan ṣoṣo ni mo fẹ́ gbé kalẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ tí a bá sọ nípa gbogbo ènìyàn kì í sábà bá ẹnì kan mu. Ẹ̀rí náà ni ti Narendranath Datta, ẹni tí ayé wá mọ̀ sí Swami Vivekananda, àti ti Ramakrishna olùkọ́ rẹ̀.

A bí Narendra ní Calcutta ní ọjọ́ 12 oṣù Kìíní ọdún 1863. Lọ́yà ni bàbá rẹ̀, ilé wọn sì rí jẹ rí mu. Ọmọ náà mú bí abẹ, ó lè kọrin, ó lè jà, ó sì ka ìwé àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ Yúróòpù tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi gba ohunkóhun gbọ́ mọ́ láìbéèrè ìdí. Ó darapọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ Brahmo Samaj, àwọn Híńdù tí wọ́n kọ ère sílẹ̀ pátápátá. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ó ń gbé kiri láti ọ̀dọ̀ àgbà kan dé ọ̀dọ̀ àgbà mìíràn: "Ṣé ẹ ti rí Ọlọ́run?" Ó bi Devendranath Tagore, ẹni ọ̀wọ̀ nínú ẹgbẹ́ náà, bàbá náà yin ojú rẹ̀ pé ó jọ ojú ẹni tí yóò máa ṣe àṣàrò, ṣùgbọ́n kò dáhùn ìbéèrè náà.

Ohun tí ó yà mí lẹ́nu ni pé òyìnbó onígbàgbọ́ kan wà lára àwọn tí wọ́n tọ́ka ọ̀nà sí i. William Hastie, ará Skọ́tílándì, tí í ṣe ọ̀gá àgbà ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí àwọn míṣọ́nnárì dá sílẹ̀ ní Calcutta, ń kọ́ àwọn ọmọ ní ewì Wordsworth. Ó kan ibi tí akéwì náà ti sọ̀rọ̀ nípa bí ọkàn ṣe lè gbàgbé ara rẹ̀ níwájú ẹwà ayé. Hastie sọ fún àwọn ọmọ pé bí wọ́n bá fẹ́ mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yìí túmọ̀ sí, kí wọ́n lọ wo Ramakrishna ní Dakshineswar. Míṣọ́nnárì náà kò bẹ̀rù pé òtítọ́ yóò sọnù bí ó bá tọ́ka sí i ní ilé ẹlòmíràn.

Ta ni Ramakrishna yìí? Ọmọ abúlé Kamarpukur ni, a bí i ní ọdún 1836. Kò mọ̀wé tó bẹ́ẹ̀, kò gbọ́ èdè òyìnbó. Àwòrò ni ní tẹ́ńpìlì Kali ní Dakshineswar, tí opó olówó kan tí ń jẹ́ Rani Rashmoni kọ́ sí etí odò, tí wọ́n sì ṣí ní ọdún 1855. Nígbà tí Narendra lọ bá a ní nǹkan bí ìparí ọdún 1881, ó jù ú ní ìbéèrè kan náà. Ọkùnrin náà dáhùn láìwo ẹ̀yìn pé bẹ́ẹ̀ ni, òun ti rí Ọlọ́run, òun rí I ju bí òun ti ń rí ọmọ náà lọ.

Ẹ má rò pé Narendra wólẹ̀ lẹ́sẹ̀ kan náà. Ó rò pé orí ọkùnrin náà kò pé. Fún ọdún mẹ́ta ó lé díẹ̀ ni ó fi ń lọ tí ó ń bọ̀, tí ó ń jiyàn, tí ó ń fi àwọn ìran tí ọ̀gá rẹ̀ rí ṣe yẹ̀yẹ́ lójú rẹ̀. Ó gbọ́ pé Ramakrishna kì í lè fara kan owó. Ó yọ́ rúpì kan sábẹ́ ibùsùn rẹ̀. Bí ọkùnrin náà ti jókòó lé e, ó fò dìde bí ẹni tí àkéekèé ta. Nígbà tí ó mọ ẹni tí ó ṣe é, kò bínú. Ó sọ fún un pé kí ó máa dán òun wò bí àwọn oníṣòwò ti ń kan owó fàdákà mọ́lẹ̀ kí wọ́n tó gbà á. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn, mo ń padà bọ̀ wá bá a.

Olùkọ́ náà pẹ̀lú dán an wò. Ó ju oṣù kan lọ tí Narendra fi ń wá tí Ramakrishna kò bá a sọ̀rọ̀, tí kò tilẹ̀ wo ojú rẹ̀. Ọmọ náà a máa jókòó, a máa kí, a máa padà sílé. Nígbà tí ó yá, ọ̀gá náà bi í pé, "N kò bá ọ sọ̀rọ̀, kí ni o ń wá ṣe?" Èsì rẹ̀ ni pé kì í ṣe nítorí ọ̀rọ̀ ni òun ṣe ń wá, òun fẹ́ràn rẹ̀, òun fẹ́ rí i, ìdí rẹ̀ nìyẹn.

Ní ọdún 1884 bàbá Narendra kú lójijì. Gbèsè ni ó fi sílẹ̀, kì í ṣe ogún. Àwọn ìbátan gbé ọ̀rọ̀ ilé lọ sí kóòtù. Ẹni tí ó ti ń jẹ àjẹṣẹ́kù ní àná wá ń rìn láìwọ bàtà nínú oòrùn láti ọ́fíìsì dé ọ́fíìsì, tí ó ń wá iṣẹ́ tí kò rí. A máa purọ́ fún ìyá rẹ̀ pé wọ́n ti pe òun jẹun níbì kan, kí oúnjẹ díẹ̀ tí ó wà nílé lè kárí àwọn àbúrò rẹ̀. Níkẹyìn ó ní kí Ramakrishna bá òun bẹ̀bẹ̀ fún owó. Ramakrishna ní kí ó lọ bẹ̀bẹ̀ fúnra rẹ̀. Ìgbà mẹ́ta ni Narendra wọ inú tẹ́ńpìlì lóru ọjọ́ náà, ìgbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ọ̀rọ̀ owó sì fò lọ lórí rẹ̀. Òye àti ìfọkànsìn nìkan ni ó rí béèrè. Nígbà tí ó wá padà bẹ olùkọ́ rẹ̀ gidigidi, ìyẹn ṣèlérí pé ilé wọn kò ní ṣe aláìní oúnjẹ lásán àti aṣọ lásán. Kò ṣèlérí ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Èmi tí í ṣe àlùfáà Kátólíìkì kò lè bá a wọ inú tẹ́ńpìlì Kali, ẹ kò sì ní retí kí n ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí ó túmọ̀ sí láti lọ bá Ọlọ́run nítorí owó ilé-ẹ̀kọ́, kí a sì bọ́ níbẹ̀ tí ojú ń tini láti dárúkọ owó.

Níhìn-ín ni mo fẹ́ kí a dúró. Gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣírò nǹkan lọ́jà, kí ni Narendra jẹ Ramakrishna? Bí o bá yá mi ní iṣu mẹ́wàá, iṣu rẹ dín mẹ́wàá. Bí mo bá dá mẹ́wàá padà, ó parí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó fi iná fìtílà rẹ̀ tan tèmi, tirẹ̀ kò dín. Oníṣòwò lè sọ pé nígbà tí olùkọ́ kò pàdánù ohunkóhun, a kò jẹ ẹ́ ní ohunkóhun. Ó sì jẹ́ òótọ́ pé bí ọ̀pọ̀ nínú wa ṣe ń hùwà nìyẹn: a san owó ilé-ìwé, olùkọ́ gba owó oṣù, ó tán.

Aristotle, tí kì í ṣe onígbàgbọ́, ti rí àṣìṣe yìí ṣáájú ìbí Olúwa wa. Ó kọ́ni pé àwọn kan wà tí a kò lè fi owó díwọ̀n oore wọn, tí a kò sì lè san án ní déédéé: Ọlọ́run, àwọn òbí, àti ẹni tí ó kọ́ni ní ọgbọ́n. Tómásì Mímọ́ ti Aquino, tí òun náà jẹ́ ọmọ-ẹ̀yìn Albert Mímọ́, gbé ọ̀rọ̀ ìmoore yẹ̀ wò nínú Summa rẹ̀, ó sì fi hàn pé ọkàn tí a fi ṣe oore ni ìmoore ń wò ju ohun tí a fúnni lọ. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kò sí ìyanu pé gbèsè náà kò lè tán. Ohun tí a gbà ní iye. Ọkàn tí ó fi fúnni kò ní iye.

Òwe wa kan sọ pé bí ọmọdé bá dúpẹ́ oore àná, á rí òmíràn gbà. Òwe rere ni, èmi náà fi tọ́ àwọn ọmọdé sọ́nà. Síbẹ̀ ọgbọ́n ọjà díẹ̀ wà nínú rẹ̀: dúpẹ́, kí ọwọ́ olóore má baà ká. Narendra jókòó ju oṣù kan lọ níwájú ẹni tí kò fún un ní nǹkan kan, tí kò tilẹ̀ kí i. Ìmoore tirẹ̀ kò retí òmíràn.

Ní ọdún 1885 ọ̀nà ọ̀fun Ramakrishna bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Jẹjẹrẹ ni. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà wọ́n gbé e lọ sí ilé kan tí ó ní ọgbà ní Cossipore, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí wọ́n jẹ́ ọmọ-ẹ̀yìn rẹ̀ sì fi ẹ̀kọ́ àti iṣẹ́ sílẹ̀ láti máa tọ́jú rẹ̀ tọ̀sán-tòru. Ọ̀kan nínú wọn ni Latu, ọmọ-ọ̀dọ̀ láti Bihar tí kò mọ̀wé rárá. Ramakrishna ti gbìyànjú rí láti kọ́ ọ ní ábídí èdè Bengali. Ṣùgbọ́n bí Latu ti ń fi ohùn ìlú rẹ̀ pe lẹ́tà àkọ́kọ́, tí ọ̀gá rẹ̀ ń tún un ṣe, tí ó tún ń pè é bákan náà, ẹ̀rín pa àwọn méjèèjì, wọ́n sì pa ìwé náà tì títí láé. Síbẹ̀ Latu wà lára àwọn tí wọ́n tọ́jú rẹ̀ dé ìkẹyìn, ó sì di mọ́ńkì pẹ̀lú àwọn ọ̀mọ̀wé. Ó yẹ kí àwa tí a ń fi ìwé ẹ̀rí díwọ̀n ọmọ-ẹ̀yìn ronú sí ti Latu.

Nígbà tí àìsàn náà le, ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í ba àwọn kan pé ó lè ràn wọ́n. A ròyìn pé Narendra gbé ife tí ọ̀gá rẹ̀ ti mu ẹ̀kọ lílọ́wọ́ọ́wọ́ kù sí, tí itọ́ àti ọyún wà nínú rẹ̀, ó sì mu ún níṣojú gbogbo wọn. Jẹjẹrẹ kì í ràn, a mọ èyí lónìí. Síbẹ̀ èmi kò gba ẹnikẹ́ni nínú yín nímọ̀ràn láti ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, a ní kò sí ẹni tí ó tún sọ̀rọ̀ ìbẹ̀rù mọ́.

Ramakrishna kú ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹjọ ọdún 1886. Ní òru ọjọ́ 24 oṣù Kejìlá ọdún kan náà, Narendra àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jókòó yí iná ká ní abúlé Antpur. Narendra bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn Jésù fún wọn, bí kò ti ní ibi tí yóò fi orí Rẹ̀ lé, àti bí àwọn ọmọ-ẹ̀yìn Rẹ̀ ti fi ohun gbogbo sílẹ̀. Níwájú iná náà ni wọ́n ti pinnu láti kọ ayé sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tó rántí pé òru àìsùn Kérésìmesì ni òru náà. Nígbà tí Narendra sì di mọ́ńkì tí ó ń rìn kiri Íńdíà pẹ̀lú ọ̀pá àti ìkòkò omi, ìwé méjì ni ó máa ń gbé lọ́wọ́: Bhagavad Gita ti àwọn Híńdù, àti Àfarawé Krístì ti Thomas à Kempis tiwa. Ó tilẹ̀ túmọ̀ apá kan ìwé kejì yìí sí èdè Bengali. Mélòó nínú wa ni ó ní ìwé náà nílé?

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1893 ó dé Chicago, níbi ìpàdé àwọn ẹlẹ́sìn gbogbo ayé, òkìkí rẹ̀ sì kàn ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Ó pẹ́ kí ó tó sọ̀rọ̀ nípa olùkọ́ rẹ̀ ní gbangba. Kì í ṣe pé ó gbàgbé rẹ̀. Ó ní òun kò yẹ láti sọ ọ́, ẹ̀rù sì ń bà á kí òun má baà bù ú kù. Nígbà tí ó wá sọ ọ́ ní New York ní ọdún 1896, ohun tí ó sọ ní kúkúrú ni pé bí òtítọ́ kan bá ti ẹnu òun jáde rí, ti ọ̀gá òun ni. Ti òun ni gbogbo àṣìṣe. Mahendranath Gupta, olùkọ́ ilé-ìwé, ṣe tirẹ̀ lọ́nà mìíràn. Ó kọ ọ̀rọ̀ ẹnu Ramakrishna sílẹ̀ láti ìgbà tí ó ti pàdé rẹ̀ ní ọdún 1882, ó tẹ̀ ẹ́ jáde ní ìwé márùn-ún láàárín ọdún 1902 àti 1932, lẹ́tà kan ṣoṣo ni ó sì fi ṣe orúkọ ara rẹ̀ nínú ìwé náà.

Mo padà sí ìbéèrè èkíní. Ṣé irú ìfọkànsìn bẹ́ẹ̀ lè pọ̀ jù? Ó lè pọ̀ jù. Nínú ẹ̀sìn Híńdù, ẹ̀kọ́ wà pé kí ọmọ-ẹ̀yìn ka olùkọ́ sí Ọlọ́run. Nínú àwọn ọmọ-ẹ̀yìn Ramakrishna, àwọn kan pè é ní Ọlọ́run tí ó gbé ara ènìyàn wọ̀, Narendra sì bá wọn jiyàn lórí rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Níbí ni ọ̀nà wa ti yà. Ẹnì kan ṣoṣo ni a jẹ́wọ́ bẹ́ẹ̀ nínú Ìgbàgbọ́ wa, n kò sì lè fi ọ̀rọ̀ dídùn bo èyí mọ́lẹ̀ nítorí pé mo fẹ́ràn ìtàn náà. Olúwa wa kìlọ̀ fún àwọn ọmọ-ẹ̀yìn Rẹ̀ kí wọ́n má jẹ́ kí a pè wọ́n ní olùkọ́, nítorí Olùkọ́ wọn jẹ́ ọ̀kan. Augustínì Mímọ́ kọ ìwé odindi lórí rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 389, tí ó jẹ́ ìfọ̀rọ̀wérọ̀ pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ Adeodatus. Ó ní ẹni tí ń sọ̀rọ̀ létí wa kàn ń tọ́ka ni. Krístì tí ó wà nínú ọkàn ni ó ń fi òtítọ́ hàn.

Ohun tí ó yani lẹ́nu ni pé Ramakrishna fúnra rẹ̀ sọ ohun tí ó jọ ọ́. A kọ ọ́ sílẹ̀ pé kì í fẹ́ kí a pe òun ní gúrù, pé ọ̀rọ̀ náà a máa gún un bí ẹ̀gún, àti pé Ọlọ́run nìkan ni gúrù. Òótọ́ ni pé a tún ròyìn ọ̀rọ̀ mìíràn tí ó sọ ní Cossipore nígbà tí ikú sún mọ́ ọn, èyí tí ó jọ pé ó gba oyè ńlá náà fún ara rẹ̀. N kò ní gbìyànjú láti mú ọ̀rọ̀ méjèèjì bára mu.

Ṣùgbọ́n àmì wà tí ẹnikẹ́ni lè fi mọ olùkọ́ tí ó léwu, ìbáà wọ aṣọ mọ́ńkì Híńdù, ìbáà wọ aṣọ funfun wòlíì, ìbáà sì wọ aṣọ àlùfáà bíi tèmi. Ǹjẹ́ ó gbà kí a dán òun wò? Ramakrishna gbà kí a kan òun mọ́lẹ̀ bí owó fàdákà. Àwọn kan wà ní àdúgbò wa tí ìbéèrè kan ṣoṣo a máa di ẹ̀ṣẹ̀ lójú wọn. Ibo ni ó sì ń darí ìfẹ́ ọmọ-ẹ̀yìn sí? Nígbà tí Narendra bẹ̀bẹ̀ pé kí òun lè máa wà nínú àṣàrò láìdáwọ́dúró, kí òun gbàgbé ayé, olùkọ́ rẹ̀ bá a wí gidigidi. Ó ní òun ti rò pé yóò dà bí igi ńlá tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn yóò sinmi lábẹ́ òjìji rẹ̀, ó wá ń wá ìgbàlà ti ara rẹ̀ nìkan.

Ọ̀rọ̀ yìí ni ó ṣe gbogbo ohun tí ó kù. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Karùn-ún ọdún 1897, Vivekananda dá Ramakrishna Mission sílẹ̀ láti máa tọ́jú aláìsàn, láti máa bọ́ ẹni tí ebi ń pa, àti láti máa kọ́ni níwèé. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan kọminú. Wọ́n ní ọ̀gá wọn kò dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, kò kó owó jọ, kò kọ́ ilé-ìwòsàn. Ìfọkànsìn nìkan ni ó fi kọ́ni. Ọ̀nà òyìnbó ni Vivekananda mú wá. Ẹ̀sùn tí ó wúwo ni. Ọmọ-ẹ̀yìn tí ó ṣe ohun tí olùkọ́ rẹ̀ kò ṣe, ṣé olóòótọ́ ni àbí ọ̀dàlẹ̀? Vivekananda kò lè dá wọn lóhùn tán láìsunkún. Èrò tèmi ni pé ẹni tí ó bá ń fi ẹsẹ̀ rẹ̀ sínú ipa ẹsẹ̀ olùkọ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹsẹ̀ ni ó ń wò, kì í ṣe ibi tí olùkọ́ náà ń lọ. Bí àjàkálẹ̀ àrùn ti ń ba Calcutta lẹ́rù ní ọdún 1898, tí wọ́n bi Vivekananda níbi tí owó ìtọ́jú yóò ti wá, ó ní bí kò bá sí ọ̀nà mìíràn, kí a ta ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà fún ilé àwọn mọ́ńkì. Lórí ilẹ̀ náà ni a fẹ́ gbé eérú ọ̀gá rẹ̀ sí.

Wọn kò ta á. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà ni ó gbé ìkòkò eérú náà lé èjìká ọ̀tún rẹ̀, ó sì rù ú lọ sí Belur, ní etí odò. Ramakrishna ti sọ fún un rí pé ibikíbi tí ó bá fi èjìká rẹ̀ gbé òun lọ ni òun yóò máa gbé. Ní ọjọ́ 4 oṣù Keje ọdún 1902 ni òun náà kú, ní Belur kan náà, ní ẹni ọdún mọ́kàndínlógójì.

Ó ku ìbéèrè èkejì, n kò sì lè dá a lóhùn láìsọ ti ara mi.

Kátíkíìsì kan ni ó kọ́ mi ní ìwé kíkà, lábẹ́ igi, ní abúlé wa, kí ilé-ìwé tó dé ibẹ̀. Òun ni ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ di ọwọ́ mi mú láti ṣe àmì àgbélébùú. Òun ni ó rin ìrìn ọ̀nà jíjìn lọ bá Fadá ìjọ pé ọmọ kan wà tí ó yẹ kí ó lọ sí sẹ́mínárì. Ní ọjọ́ tí mo ṣe Mísà mi àkọ́kọ́, ó wà lẹ́yìn pátápátá nínú ṣọ́ọ̀ṣì, pẹ̀lú fìlà rẹ̀ lọ́wọ́. Mo rí i. Àwọn olóyè àti àwọn olówó yí mi ká, mo ń bọ̀ wọ́n lọ́wọ́, mo ní n óò lọ bá a nígbà tí wọ́n bá tán. Wọn kò tán. Mo ní n óò lọ kí i nílé ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀lé e. Iṣẹ́ pọ̀. Ọdún kan kọjá, ó di méjì, ó di mẹ́rin, bẹ́ẹ̀ ni ojú bẹ̀rẹ̀ sí í tì mí láti lọ nítorí pé ó ti pẹ́ jù. Lẹ́tà kan ni ó sọ fún mi pé ó ti kú, wọ́n sì ti sin ín. Nígbà tí mo dé abúlé, ìyàwó rẹ̀ kò bá mi wí. Ó gbé àga fún mi. Ó fi káàdì ìrántí Mísà mi àkọ́kọ́ hàn mí, tí bàbá náà fi lẹ̀ẹ́ lẹ̀ mọ́ ara ògiri lókè ibùsùn rẹ̀. Olùkọ́ ni ó gbé àwòrán ọmọ-ẹ̀yìn kọ́.

Láti ìgbà náà, nígbàkígbà tí mo bá ń ṣe Mísà fún àwọn òkú, orúkọ rẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ dá lọ́kàn.

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà tún padà wá gba èsì ìbéèrè rẹ̀ ní ọjọ́ Ẹtì tí ó kọjá. Mo ṣàlàyé fún un, gẹ́gẹ́ bí a ti kọ́ wa, ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ìsìn tí ó jẹ́ ti Ọlọ́run nìkan àti ọ̀wọ̀ tí ó tọ́ sí ènìyàn, mo sì sọ fún un pé n kò lè ti ẹnu ọ̀nà mi mọ èyí tí ó wà nínú ọkàn ọ̀gá rẹ̀. Mo ní kí ó bi í léèrè, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ní àkókò tí iṣẹ́ bá rọlẹ̀, ohun tí arúgbó inú àwòrán náà kọ́ ọ. Ó ní òun kò tíì ronú láti bi í bẹ́ẹ̀ rí. Ó bọ́ sílẹ̀ láti orí pèpéle, ó dúró, ó sì bi mí bóyá mo mọ bí a ṣe lè rí àdírẹ́sì olùkọ́ kan tí ó ti fẹ̀yìn tì láti nǹkan bí ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn. A jọ jókòó, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ àwọn tí ó lè mọ̀ ọ́n.